Ife Wà, Ìkòkò Ò Sí

Ife wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n dojú dé sórí aṣọ funfun bí a ṣe máa ń dojú wọn dé. Àárín wọn, níbi tí ìkòkò máa ń wà, ṣófo.

Caroline dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nìkan ló kù ní pálọ̀ wọn. Wọ́n ti ta gbogbo ìyókù. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ògiri á gbà á.

Dámiláre, ọkọ rẹ̀, ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

"Àjàmú ni," ó ní. "Mo ti sọ ọ́. Àjàmú ni."

Lois sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ife. Kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Èmi ni mo lọ pè é. Ọláṣẹ̀hìndé lorúkọ mi. Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ omi tí Dámiláre jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù nínú wa, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọgbọ́n mi mọ. Lois ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà. Láàárín àwa tó ti Nàìjíríà wá, bí nǹkan bá sọnù tàbí tí ẹnìkan ń purọ́, òun là ń pè. Mi ò rí i rí kí ó pariwo. Mi ò sì rí i rí kí ó fi ohun tó ń wá sílẹ̀ láìrí i.

Ó yẹ kí n sọ irú ìkòkò tó jẹ́. Dállà ni, ìkòkò idẹ tí àwọn Lárúbáwá fi ń da kọfí, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí àgógó ẹyẹ. Kò sí ilé tí èèyàn kò ti lè rí i ní ìlú yìí. Ìdí tí àwọn tó ṣáájú wa fi yàn án nìyẹn. A ò ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí, òfin ò gbà á. Inú pálọ̀ la ti ń sin Ọlọ́run, ní àárọ̀ Jímọ̀, nígbà tí iṣẹ́ kò sí. Inú dállà yẹn la ń da omi èso àjàrà sí fún Oúnjẹ Olúwa. Ife kọfí la fi ń mu ún. Bí Oúnjẹ Olúwa kò bá tilẹ̀ sí, a ṣì máa ń gbé dállà náà síwájú wa lórí tírè, aṣọ funfun mìíràn á bò ó. Àlejò tó bá já lù wá, kọfí ló rí. Ẹni tó bá ń padà sílé pátápátá á fa dállà náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nínú àwọn tó ti gbé e rí, àwọn kan ti kú. Dámiláre àti Caroline ló kàn láti lọ. Ilé Lois ló kàn láti gbà á.

"Kì í ṣe ìkòkò nìkan," Caroline ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀gbà wúrà ìyá mi wà nínú rẹ̀."

Dámiláre dúró. "Nínú dállà?"

"Àwọn tó ń wá wo ọjà ń wọ yàrá, wọ́n ń ṣí gbogbo nǹkan. Mo ní kí ni ẹnikẹ́ni ò ní ṣí? Oúnjẹ Olúwa ò sí ní Jímọ̀ tó kọjá, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù nìkan la ń jẹ ẹ́. Mo fi òwú dì í, mo kì í bọ inú ìkòkò."

"Ta ló mọ̀?" Lois bèèrè.

"Èmi nìkan."

"O ò sọ fún mi," Dámiláre ní.

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní kí n gbé e sí báńkì. Báńkì ti ti àkáǹtì wa pa."

Ìyá Caroline ti kú. Kò sí ohun mìíràn tí ó ní tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn.

Àjàmú tí Dámiláre ń dárúkọ, Àlàájì ni. Ó wá ṣe Hájì ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, kò sì padà. Kò ní ìkámà, ìwé tí àjèjì fi ń gbé ìlú yìí. Àdúgbò Al-Sabeel ló ń gbé. Bí ẹnìkan nínú wa bá ń lọ sílé, Àjàmú ló ń bá a ta ìkòkò, aṣọ àti àwo. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun ní Ìsẹ́yìn. Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó wá di ẹrù ní ilé yìí. Caroline fi í sílẹ̀ ní pálọ̀, ó lọ sí yàrá.

"Ó dá wà níbí," Dámiláre ní. "Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí mi ò rí ẹ̀gbà yẹn, mo máa pe ọlọ́pàá."

"Wọn ò ní bi í nípa ẹ̀gbà," Lois ní. "Ìkámà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, àtìmọ́lé. Lẹ́yìn àtìmọ́lé, bàlúù. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè nǹkan kan. Tó bá jẹ́ olè tó mọ̀ pé wúrà wà nínú ìkòkò, kí ló máa gbé?"

"Wúrà."

"Á fi ìkòkò sílẹ̀. Kò ṣeé fi sápò. Tó bá jẹ́ olè tí kò mọ̀, tí ó kàn fẹ́ tà á, kí ló máa gbé?"

"Ìkòkò."

"Pẹ̀lú ife. Ta ló ń ra dállà tí kò ní ife? Ẹ wò wọ́n níbí, kò sí èyí tó dín. Ọwọ́ tó gbé ìkòkò yìí kò wá wúrà, kò sì fẹ́ tà á."

"Kí ló wá fẹ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Mo fẹ́ràn bí ó ṣe sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò lè sọ gbólóhùn yẹn.

*

Lois fúnra rẹ̀ ló kọ́ Caroline bí wọ́n ṣe ń ta ẹrù ilé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí ó má kó ohun gbogbo lọ sójú kan. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń wá a. Ẹ̀rọ, kí ó gbé e fún àwọn ará Haráàjì, ọjà àlòkù, torí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ìkòkò àti aṣọ, Al-Sabeel, níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń wá ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn àti àga ńlá, Mẹ́kà. Ní Al-Aziziyah, àdúgbò kan níbẹ̀, àwọn tó ń fi ilé háyà fún àlàájì kì í wá ohun tuntun, ohun tó lágbára tó sì gba ẹrù ni wọ́n ń wá.

"Àga rẹ yìí, tí ìjókòó rẹ̀ ń ṣí sókè," ó ní, "ṣí i kí o tó ya fọ́tò rẹ̀. Kí wọ́n rí i pé kúbùsù máa gba inú rẹ̀. Ya á ní àárọ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Bí nǹkan bá ní àbùkù, sọ àbùkù rẹ̀ kí olùrà tó rí i, kò ní ná a púpọ̀ mọ́. Síìmù tí o máa fi tajà, kí ó yàtọ̀ sí tìrẹ. Tí o bá tà tán, ṣẹ́ ẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa pè ọ́ nípa firíìjì títí o ó fi dé Ìbàdàn."

Caroline ṣe é bí ó ti wí. Gbogbo ẹrù lọ, owó tó dáa sì wọlé. Ibi tí Lois darí ẹrù sí, ibẹ̀ náà la wá ń wá ìkòkò lọ báyìí.

*

Àjàmú tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ní Al-Sabeel. Nígbà tí èmi, Lois àti Dámiláre débẹ̀, obìnrin kan ń yí ìkòkò ìdáná Caroline wò.

"Àlàájì, ìdí ìkòkò yìí ti jó."

"Àlàájà, ìkòkò tí ò jó, ẹ lọ rà á ní ilé ìtajà tó ń dán. Èyí ti mọ ìrẹsì í sè. Ẹ kàn máa dúró tì í ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Kí ó tó lọ, Dámiláre ti bẹ̀rẹ̀ sórí ẹní.

"Ẹ wò ó! Sístà Lois, ẹ wò ó o!"

Dállà ni, idẹ, ẹnu gígùn.

Lois gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ó dúdú kirikiri.

"Èyí ti jókòó lórí iná, kò sì níye ìgbà," ó ní. "Tiwa ò dé orí iná rí."

"Obìnrin ará Sùdáànì kan ló ní kí n bá òun tà á," Àjàmú ní. "Láti oṣù tó kọjá. Kò ní ife, kò sẹ́ni tó rà á." Ó yíjú sí Dámiláre. "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá lórí ẹní mi?"

"Ìwọ lo mọ ohun tí mò ń wá. O dá wà ní pálọ̀ mi."

"Mo dá wà níbẹ̀. Ṣé olè lẹ pè mí?"

Dámiláre ń tú ẹrù orí ẹní kiri.

"Olè ní ibi tó máa sá gbà, ọ̀gá. Èmi, tí mo bá sáré ní òpópónà yìí, ìwé ni wọ́n máa bi mí. Ibo ni mo fẹ́ sá sí?"

Àgbàlagbà ni Àjàmú. Ó dàgbà ju Dámiláre lọ dáadáa. Ó ń tún àwo tí Dámiláre tú ká tò.

Lois jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àlàájì, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ wọ pálọ̀ ní Jímọ̀, kí lẹ bá níbẹ̀?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù. Àga ńlá ti lọ. Tírè kan wà nílẹ̀, aṣọ funfun bò ó."

"Aṣọ yẹn, ó dúró sókè bí ẹni pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Rárá o. Pẹrẹsẹ ló wà. Mo ká a, mo gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi tírè tì í."

Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, Dámiláre ní irọ́ ni.

"Ẹni tó ń purọ́ á ní òun ò rí tírè rárá," Lois ní. "Èyí rí i, ó sì sọ fún wa pé ìkòkò ti lọ kí òun tó dé. Mo gbà á gbọ́."

"Tí kì í bá ṣe òun, Qasim ni. Òun ló wá gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ ní Sátidé."

"Bí mo bá gba Àlàájì gbọ́, kò lè jẹ́ Qasim. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ. Mi ò fẹ́ fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ láìrìn ín."

*

Ọmọ Yémẹ̀nì ni Qasim. Ó jókòó láàárín firíìjì àti sítóòfù ní Haráàjì bí ọba láàárín ìjòyè. Lois bá a sọ èdè Lárúbáwá. Ó bi í bóyá ó bá ìkòkò kan pàdé.

Qasim rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń jalè á ha jókòó sínú oòrùn yìí?"

Ó ṣí ẹ̀rọ ìfọṣọ náà fún wa. Inú rẹ̀ ṣófo. Dámiláre mí kanlẹ̀. A ti ń yí padà nígbà tí Qasim pè wá.

"Ẹ dúró. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀."

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé nǹkan kan wá tí ó fi ìwé ìròyìn dì. Ìwé ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú.

"Mi ò mọ èdè rẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwé ni, mi ò lè gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gbé e sókè. Mo ní ẹni tó ni ín á wá."

Ìwé orin ni. Orúkọ mi wà lára rẹ̀.

"Tèmi ni," mo ní.

Qasim fi í lé mi lọ́wọ́. Ó wo ojú mi díẹ̀. "Alihamudulilai," ó ní, ó sì kọjú sí ẹni tó ń ná firíìjì. Bóyá ó mọ̀ pé ìwé orin onígbàgbọ́ ni, bóyá kò mọ̀. Kò bèèrè. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń ṣàdúrà fún un.

Níta, Lois dúró nínú oòrùn.

"Bàbá, kí ni ìwé orin yín ń wá nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ?"

Mo ní láti rò ó kí n tó rántí.

"Aago ẹnu ọ̀nà ló dún," mo ní. "Ní Jímọ̀. A ń gbàdúrà, ojú wa dì. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ni mo wà. Mo jù ú sínú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀."

"Ẹ rántí pé ẹ jù ú?"

"Nísinsìnyí tí mo rí i."

"Ta ló tẹ aago?"

"Dawud," Dámiláre ní, "awakọ̀ Àlàájà tó ra àga. Àdéhùn ni pé lẹ́yìn ìrun Ásárì ló máa dé láti Mẹ́kà. Ó ní òun fẹ́ padà kí òun lè kírun Jímọ̀ lọ́hùn-ún, ló bá dé ní àárọ̀. Gbogbo wa la bá a gbé àga náà sínú ọkọ̀."

Lois wo Dámiláre. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mo mọ̀. Ó ti rí i. Kò sọ ọ́.

"Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Adédọ̀tun."

"Ẹ pè é. Kí gbogbo yín padà síbi tí ẹ wà ní Jímọ̀."

*

Adédọ̀tun ń ta oògùn ní ilé ìwòsàn tí Lois wà. Ó dé pẹ̀lú Bíbélì kékeré rẹ̀. A jókòó sórí ilẹ̀ lásán, olúkúlùkù síbi tó wà ní Jímọ̀. Èmi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Adédọ̀tun lábẹ́ fèrèsé. Caroline nítòsí ilẹ̀kùn. Dámiláre níwájú, torí òun ló ń darí wa. Lois gbé tírè síwájú Dámiláre. Ó gbé kẹ́tùlù lé e, ó fi aṣọ funfun bò ó.

"Kí ni kẹ́tùlù ń ṣe níbí?" Dámiláre ní. "Sístà, wúrà la ń wá. Ẹ ń fi wá ṣeré."

"Ẹ gbàdúrà, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ gbà á bí ẹ ṣe máa ń gbà á. Kí ojú yín dì."

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n Dámiláre mọ àdúrà í gbà. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Ó gbàdúrà fún ìrìnàjò wọn. Ó gbàdúrà fún ilé tí wọ́n ń padà sí. Mo gbàgbé ìdí tí a fi wà níbẹ̀. Mo rò pé òun náà gbàgbé.

Aago ẹnu ọ̀nà dún. Ó gùn, ó le.

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ọwọ́ mi ju ìwé orin sínú kíṣìnì, síbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà tẹ́lẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bíbélì Adédọ̀tun ti wọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Caroline ti fa gèlè sórí, ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Dámiláre ṣì ń ṣe àmín. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti yọ aṣọ kúrò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gbé kẹ́tùlù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ òsì gbé ohun kan tí kò sí níbẹ̀ sókè, bí ẹni tó ń ṣí ìdérí, ó sì gbé kẹ́tùlù sínú rẹ̀.

Kẹ́tùlù ṣubú sórí táìsì. Ariwo rẹ̀ kún gbogbo ilé.

Lois wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì í pa nígbà tí ó ń jáde, a kò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí aago, ojú rẹ̀ wà ní àlàfo ilẹ̀kùn.

"Brọ́dà Dámiláre," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kí ló wà níbẹ̀ ní Jímọ̀?"

Dámiláre wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Àga," ó ní.

"Àga tí ìjókòó rẹ̀ ń ṣí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí aago bá dún, inú rẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí, kí àlejò má baà ṣí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Mi ò rò ó mọ́."

"Ọwọ́ yín ló ń ṣe é," Lois ní. "Bíi ti Bàbá náà. Tí àlejò bá ti lọ, Caroline á gbé e jáde. Ṣùgbọ́n àlejò ọjọ́ yẹn, àga gan-an ló wá gbé."

Adédọ̀tun fa Bíbélì yọ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ojú ń tì í.

Mo ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mi. Mi ò rí ẹni tó wá àbùkù báyìí rí. Kò tú nǹkan kan. Ó kàn tẹ aago.

*

Ó ku Mẹ́kà. Kò sí ẹni tó lè wọ ibẹ̀ nínú wa. Mùsùlùmí nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí ó kọjá.

"Pè é," Lois sọ fún Caroline.

Caroline bú sẹ́kún. "Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú síìmù tí mo fi tajà. Mo ti ṣẹ́ ẹ."

"Èmi ni mo ní kí o ṣẹ́ ẹ." Lois di ọwọ́ Caroline mú. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. "Ta ló mú Àlàájà náà wá?"

Caroline wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti mọ̀.

"Àjàmú," Dámiláre ní.

Òun fúnra rẹ̀ ló pè é lórí fóònù. Gbogbo wa gbọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Dámiláre ni."

"Olè ò sí nílé."

"Àlàájì, ẹ jọ̀wọ́. A ti rí i. Èmi ni mo gbé e síbi tó wà. Àlàájà tó ra àga… ẹ bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀."

Àjàmú ka nọ́ńbà náà ní ẹ̀ẹ̀kan, ó pa fóònù. Lois ti kọ ọ́ sí ọwọ́.

Sàrátù ni Àlàájà náà ń jẹ́. Yorùbá ni, àdúgbò Ar-Rusaifah ni wọ́n bí i sí, ní Mẹ́kà, ó sì ń bá onílé kan bójú tó ilé àwọn àlàájì ní Al-Aziziyah.

Caroline pè é, ó ní òun ni òun ta àga. "Ìyá onídállà!" Sàrátù ké. "Láti Jímọ̀ ni mo ti ń pè yín! Ṣé ẹ ti ta fóònù náà ni?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà," Caroline ní.

"Mo ṣí àga kí n kó kúbùsù sí i, mo rí ìkòkò. Mo ní ènì ni. Mo ní irú obìnrin wo lèyí, ó ta àga tó dáa fún mi, ó tún fi ìkòkò ṣe ènì! Mo súre fún yín. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, òwú jáde. Mo tú òwú. Mo pariwo! Mo ní rárá, wúrà kì í ṣe ènì."

"Ó wà lọ́wọ́ yín?"

"Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló ń sùn. Dawud ló mọ ilé yín, ó sì ti kó àwọn tó wá ṣe Úmúrà lọ sí Mẹ̀dínà. Mo fẹ́ bi Àjàmú, mo ní kí n má ṣe é. Ẹni tí kò ní ìkámà, kò yẹ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wúrà ọlọ́wúrà kọ́ ọ lọ́rùn. Ìyẹn lè ba ayé rẹ̀ jẹ́."

Dámiláre yí ojú sí ògiri.

*

Ní ọjọ́ kejì a pàdé rẹ̀ níwájú ilé epo kan, ní ojú ọ̀nà Mẹ́kà, kí a tó dé ibi tí ọlọ́pàá ti ń wo ìwé. Àwa ò lè kọjá ibẹ̀. Òun jáde wá bá wa. Ó gbé dállà sáyà bí ọmọ tuntun.

Caroline tú òwú. Ó fi ẹ̀gbà náà sí ọwọ́, kò sì bọ́ ọ mọ́.

Sàrátù wo Lois láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni wọ́n ní o tẹ aago?"

"Èmi ni, Àlàájà."

"Ọlọ́run má jẹ́ kí n jí nǹkan ní ilé tìrẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Caroline. "Ó dáa. Ẹ ti gba ìkòkò. Ènì mi ńkọ́?"

Caroline ṣí ọkọ̀. Ó gbé kẹ́tùlù jáde, ó kọ́kọ́ fi ibi tó bàjẹ́ hàn án.

"Ó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Àlàájà. Ọkọ mi ló jù ú sílẹ̀."

"Màá mu tíì nínú rẹ̀," Sàrátù ní. "Màá máa rántí ọkọ rẹ."

Bí a ṣe ń padà, dállà wà lórí ẹsẹ̀ Lois. Mo bi í ibo ni yóò máa gbé e pamọ́ sí bí aago bá dún ní ilé tirẹ̀.

"Mi ò ní gbé e pamọ́, Bàbá. Kọfí máa wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, màá da kọfí fún un."

Láti ọdún tí a ti ń sá kiri pẹ̀lú ìkòkò yẹn, kò sí ẹni tó ronú kan ìyẹn.

*

Dámiláre ní kí n bá òun dé Al-Sabeel. Àjàmú wà lórí ẹní rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá. Dámiláre bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn.

Àjàmú wò ó. Ó wo àwọn tó ń kọjá.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ ti sùn lé ọjà mi lórí."

Ó dìde. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Àjàmú ò jẹ́ kí ó sọ ọ́.

"Àkókò Ásárì ti tó. Mo fẹ́ lọ kírun. Ẹ bá mi jókòó ti ẹní yìí."

"Èmi?"

"Ṣòkòtò yín ló kù. Ta ló mọ̀ wọ́n jù yín lọ?"

Ó lọ. Dámiláre jókòó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó hàn lójú rẹ̀, gbé ṣòkòtò kan sókè. Yorùbá ni.

"Èló ni?"

Dámiláre sọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ṣòkòtò náà padà, ó fi ibi tí ó ti tú lẹ́yìn hàn án. "Ẹ máa rán ibí yìí."

Ọkùnrin náà sanwó láì ná a rárá. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní ènì."

Dámiláre wo ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó fi gbé àwo kan fún un.